Ìran Abíọ́dún àti Àga Olórí

Ipò obìnrin nínú ẹ̀sìn Kristi ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. N kò ní rìn jìnnà. Èkó ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, ní Campos Square, láàrin àwọn ọmọ Àgùdà.

Oṣù Kẹfà ọdún 1925 ni. Àwọn ìjọ Àgùdà ń ṣe ọdún Ara Olúwa. Àlùfáà gbé àkàrà mímọ́ dání, wọ́n ta aṣọ ìbòrí sí i lókè, orin ń lọ, èrò ń wọ́ tẹ̀lé wọn. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún wà láàrin àwọn tó ń wòran. Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ìran lásán ló wá wò. Ó rí áńgẹ́lì lábẹ́ ìbòrí náà. Nígbà tó délé, ojú ìran gbé e lọ, kò mọ ẹni tó dúró tì í mọ́. Àwọn ará ilé ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá ṣáṣá, ẹni tí aráyé mọ̀ sí Bàbá Aládùúrà. Ó gbàdúrà, ọmọ náà jí. Kò pẹ́ tí èrò fi ń wọ́ wá gbọ́ ohun tó rí. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án máa fi dé, ẹgbẹ́ Séráfù ti lórúkọ. Ọdún kejì ni Kérúbù kún un.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Nínú ìjọ tí ọmọ yìí ti wá, nígbà náà, obìnrin kì í wàásù lórí àga, kì í sì í pín Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Bíṣọ́ọ̀bù kankan kò gbọ́wọ́ lé e lórí. Ẹni tó rán an níṣẹ́ kò bèèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kankan. Agbára rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti yọ. Ní 1927, òun ló ṣáájú àwọn ajíhìnrere tó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá lọ, tó ń wàásù ní gbangba fún àwọn ọkùnrin tó tó bí i lọ́mọ.

Ní 1929, Orímọládé kọ̀wé sí i pé kó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹjọ́ náà ní apá púpọ̀, n kò ní di ẹ̀bi rù Orímọládé nìkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá náà kú ní 1933, tí Abíọ́dún ní òun ló kàn, àwọn ọkùnrin yarí pé obìnrin kò lè ṣe olórí àwọn. Ìran tó rí kò ni wọ́n lára. Àga ni wọn ò fẹ́ kó jókòó lé.

Pọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń fà yọ, Kọ́ríńtì Kìíní orí 14, pé kí obìnrin dákẹ́ nínú ìjọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sí orí 11 ìwé kan náà. Pọ́ọ̀lù ń sọ níbẹ̀ bí obìnrin ṣe máa bo orí tó bá ń gbàdúrà tàbí tó bá ń sọ tẹ́lẹ̀. Ta ló ń dákẹ́ tó tún ń sọ tẹ́lẹ̀? Àwọn mìíràn á ní àṣà wa ni. Àṣà wo? Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti jẹ Ìyálóde Ìbàdàn kó tó kú ní 1874. Síbẹ̀ ní 1993, nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà kan ní Kwara fi obìnrin mẹ́ta jẹ díákónì, àwọn aláṣẹ ìjọ ní kò sóhun tó jọ ọ́, wọ́n fagi lé e.

Èyí tó dùn mí jù ni ti nǹkan oṣù. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ aláṣọ funfun, wòlíì obìnrin tí gbogbo ìjọ ń kúnlẹ̀ gbọ́ iṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yìí, bí nǹkan oṣù bá bá a lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kò gbọdọ̀ wọlé ìsìn. Léfítíkù orí 15 ni wọ́n gbé e kà. Wọ́n ka Máàkù orí 5 náà, wọ́n kàn ń yára kọjá ni. Obìnrin tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀ fún ọdún méjìlá fọwọ́ kan aṣọ Jésù láàrin èrò. Jésù kò ní ó ba òun jẹ́, kò ní kó lọ dúró síta. Ọmọbìnrin ló pè é.

N kò ní sọ Abíọ́dún di ohun tí kò jẹ́. Iṣẹ́ Olúwa ló ní òun ń jẹ́, kì í ṣe ìjà obìnrin. Ó sì jẹ́ ẹ pẹ́: ó di àwọn ọdún 1980 kí wọ́n tó gbà á bí olórí àpapọ̀, ó sì kú ní 1994.

Ẹ̀yin alákòóso tí ẹ jókòó níwájú yìí, ìwé òfin ìjọ wà lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún máa ṣí i láti tún un ṣe, ẹ pe àwọn obìnrin sí ìjókòó náà, kì í ṣe láti wá se oúnjẹ. Kí wọ́n dìbò.