Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran



Púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹ̀rọ gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi níṣojú mi. Èmi ni mo fi aṣọ iṣẹ́ mi di ọwọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, nígbàkúùgbà tí mo bá dìde níwájú àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n fi irin bo ẹnu ẹ̀rọ yẹn, bí mo bá ti dé ibi ẹ̀jẹ̀, ohùn mi á gbọ̀n, inú á bí mi, èébú á sì jáde. Wọn á ní, "Ẹ fún un lómi mu." Ìpàdé á tú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ wà bí ó ṣe wà.

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ọmọ mi, aago mélòó ló ṣẹlẹ̀? Ta ló tan ẹ̀rọ? Níbo ni irin ìbòrí wà?" N kò lè dáhùn. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ náà lójú oorun lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí ó fà á.

Ó ní kí n ra ìwé kan, kí n kọ ọ́ bí ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń wò ó: ohun tí ojú rí nìkan. Bí àyà mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í já, kí n pa ìwé dé, kí n padà sí i lọ́la. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ojú ewé kan. Ìgbà náà ni ó yé mi. Aago márùn-ún ìdájí ni, ní ìparí iṣẹ́ òru. Wọ́n ti yọ irin ìbòrí láti ọjọ́ mẹ́ta kí iṣẹ́ lè yá. Ẹni tí ó tan ẹ̀rọ kò lè rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo ka ojú ewé yẹn fún àwọn ọ̀gá láìgbé ohùn sókè. Kò sí ẹni tí ó fún mi lómi. Kí oṣù tó parí, irin ti padà sẹ́nu ẹ̀rọ.

Ìrora náà kò tán. Bí mo bá bọ ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́, mo ṣì ń mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń darí ẹnu mi mọ́.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́, òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa sọ pé kí òṣìṣẹ́ fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Orúkọ, àkókò, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ó fà á ni wọ́n ń béèrè. Kò sí ibi tí wọ́n ti béèrè bí inú ṣe bí wa tó.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ẹ sunkún nílé, lọ́dọ̀ àwọn tí ó fẹ́ràn yín. Ìwé ni kí ẹ gbé wá sí ìpàdé.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.