Ohun tí Ó Wà Lẹ́yìn Oyè Àkọ́kọ́: Ìpalẹ̀mọ́ fún Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn àti Ìtọ́jú Ìlera

Kókó ọ̀rọ̀ tí ètò ti òní dá lé lórí kan àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní yunifásítì, tí wọ́n sì ní in lọ́kàn láti tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn tàbí ìtọ́jú ìlera lẹ́yìn tí wọ́n bá gba oyè àkọ́kọ́. Ó kan àwọn òbí pẹ̀lú, nítorí pé àpò wọn ni owó ti ń jáde, ọkàn wọn sì ni ìrètí wà. Ní ìlú Ọ̀yọ́ àti ní Ogbómọ̀ṣọ́, bí a bá bi àwọn ọmọ tí wọ́n mọ ìwé dáadáa léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ dà lọ́la, a kò ní pẹ́ rí èyí tí yóò dáhùn pé dókítà ni. Ìyá tí ń tajà ní Akẹ̀sán ń fọkàn sí i. Bàbá tí ń dáko lẹ́yìn odi Ogbómọ̀ṣọ́ ń gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n àyè tí ó wà fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn kéré púpọ̀ sí iye àwọn tí ń du ú.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ JAMB sílẹ̀ ní ọdún 1978, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti kọ ìṣègùn sínú fọ́ọ̀mù, tí ó sì jẹ́ pé Physiology, Anatomy, Biochemistry tàbí Microbiology ni yunifásítì fún wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ a wo ẹ̀kọ́ tí a fún un bí ìyà. A máa lọ sí kíláàsì bí ẹni tí a fi ipá mú. A sì máa sọ fún ara rẹ̀ pé ibi tí òun ń lọ kọ́ nìyí. Àwọn ẹlòmíràn a jókòó sílé lọ́dọọdún láti tún ìdánwò náà ṣe. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fi máa jí lójú oorun, ọdún kan tàbí méjì ti lọ, máàkì tí kò dára sì ti jókòó sínú ìwé rẹ̀.

Kí ènìyàn kọ́kọ́ gba oyè kan kí ó tó dojú kọ ìṣègùn kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìlú Ọ̀yọ́ yóò ti gbọ́ orúkọ Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣiṣẹ́ ìjọ ní ìlú náà títí ó fi kú ní ọdún 1901, tí ó sì kọ ìwé ńlá lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún iṣẹ́ náà tò lẹ́yìn tí ìwé àfọwọ́kọ àkọ́kọ́ ti sọnù, tí a fi lè tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Obadiah kò ṣàdédé di dókítà. Fourah Bay College ní Sàró ni ó ti kọ́kọ́ gba oyè, kí ó tó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù àti Edinburgh fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ní ọdún 1889 ni Yunifásítì Edinburgh fún un ní oyè M.D., ìwádìí tí ó sì ṣe fún oyè náà dá lórí ìtọ́jú àìsàn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìmọ̀ tí ó kó jọ ní Sàró kò ṣòfò. Òun ni ó fi ṣe àtẹ̀gùn.

Lóde òní, ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí Ogbómọ̀ṣọ́ kò ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1907 ni Dókítà George Green, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ogbómọ̀ṣọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó di ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi. Ní ọdún 2009, ilé ìwòsàn yìí di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìwó. Ní ọdún 1990 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Ogbómọ̀ṣọ́, èyí tí a wá fi orúkọ Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá pè. Nígbà tí a yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́ ní ọdún 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ ń darí rẹ̀ títí di ọdún 2020 tí ó fi di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Oṣogbo ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n Ogbómọ̀ṣọ́ ti ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀ báyìí. Ní ìlú Ọ̀yọ́, ìjọ Áńgílíkà dá Yunifásítì Ajayi Crowther sílẹ̀ ní ọdún 2005, lórí ìpìlẹ̀ tí St Andrew's College, tí ó dé Ọ̀yọ́ ní ọdún 1896, ti fi lélẹ̀. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí ó lè gbé ènìyàn dé ìdí iṣẹ́ ìlera wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó hàn gbangba níwájú ẹni tí ó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ìlera fún oyè àkọ́kọ́.

Èkíní ni kí ó fi oyè náà wọ ẹ̀kọ́ ìṣègùn nípasẹ̀ fọ́ọ̀mù Direct Entry, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì. Bí ó bá ti lo ọdún 4 fún oyè àkọ́kọ́, tí ó sì tún lo ọdún 5 fún ìṣègùn, ọdún 9 nìyẹn, láìka ọdún kan tí yóò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà dókítà kí a tó fún un ní ìwé àṣẹ pátápátá. Ẹni tí yóò gba ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oyè kò pa èsì ìdánwò oníwèé mẹ́wàá rẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì ni a ó tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ti ní oyè tí ó dára, ṣùgbọ́n tí físíìsì tí wọn kò yege ní ilé-ẹ̀kọ́ girama dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Èkejì ni kí ó gba oyè kejì, bóyá nínú ẹ̀kọ́ kan náà tàbí nínú ìmọ̀ ìlera àwùjọ, kí ó sì di olùkọ́, olùwádìí, tàbí òṣìṣẹ́ tí ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn. Iṣẹ́ tí ó níyì ni. Bí àrùn onígbáméjì bá bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò kan, dókítà ni yóò tọ́jú ẹni tí ó dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ ìlera àwùjọ ni yóò wá kànga tí àrùn náà ti ń jáde rí. Síbẹ̀, kí ohun kan yé gbogbo ènìyàn: oyè kejì nínú Physiology tàbí Anatomy kò sọ ènìyàn di dókítà. Àjọ tí ń ṣàkóso ìṣègùn àti ìtọ́jú eyín ní ilẹ̀ yìí nìkan ni ó lè fún ènìyàn láṣẹ láti tọ́jú aláìsàn. Bákan náà ni ẹni tí ó gba oyè nínú Microbiology kò lè sọ ara rẹ̀ di òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò nílé ìwòsàn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà fún ìyẹn yàtọ̀, àjọ tí ń fọwọ́ sí i sì yàtọ̀.

Ẹ̀kẹta ni kí ó yà sí iṣẹ́ ìlera mìíràn tí ó ní àjọ tirẹ̀, bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ti apòògùn. Ìbàdàn ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti kọ́kọ́ wọ yunifásítì ní ilẹ̀ yìí, ní ọdún 1965. Nọ́ọ̀sì tí ó bá gba oyè lè tẹ̀síwájú títí yóò fi di ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wo iṣẹ́ yìí bí àjẹkù iṣẹ́ dókítà.

Àwọn tí wọ́n rí ìṣègùn wọ̀ ní tààrà pàápàá kò tí ì bọ́ nínú ìpalẹ̀mọ́. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Lẹ́yìn ọdún 6 ní yunifásítì, dókítà tí ó bá fẹ́ di àgbà nínú iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú ọmọdé tàbí ìgbẹ̀bí yóò tún ṣe ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ìṣègùn ti orílẹ̀-èdè tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, tàbí ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìdánwò tí ó ṣáájú níbẹ̀ tún padà sórí bí ẹ̀yà ara ṣe tò àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti fi àkọ́sórí lásán kọjá ní ọdún kejì àti ìkẹta yóò tún pàdé gbèsè rẹ̀ lọ́nà.

Ní Amẹ́ríkà, ìlànà yàtọ̀. Oyè àkọ́kọ́ ọdún 4 ni ó ń ṣáájú níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìdánwò tí wọ́n ń pè ní MCAT, tí máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 472 títí dé 528, kí ọdún 4 ti ìṣègùn tó dé. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ibẹ̀ ni kì í gba ẹni tí kò tí ì kàwé rárá ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà. Ó yẹ kí òbí mọ èyí kí ó tó ta ilẹ̀ nítorí ìlérí oníṣòwò ìwé ìrìnnà.

Báwo wá ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe palẹ̀ mọ́? Ní Ọ̀yọ́, ìlú àwọn onígbá fínfín, ẹnikẹ́ni kì í gbé ọ̀bẹ ọnà lé igbá tútù. A ó gé e, a ó kó inú rẹ̀ kúrò, a ó ha á, a ó sì sá a kí ó gbẹ. Ọdún mẹ́rin ti oyè àkọ́kọ́ ni àkókò híha àti sísá yẹn.

Ohun àkọ́kọ́ ni máàkì, láti ọdún kìn-ín-ní. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, 5.00 ni òkè pátápátá. Láti 4.50 sókè ni ipò kìn-ín-ní, láti 3.50 dé 4.49 ni ipò kejì ti òkè, láti 2.40 dé 3.49 ni ipò kejì ti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá já sí ipò kẹta yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn oyè kejì ni ó tì, àfi bí ó bá kọ́kọ́ lọ gba ìwé-ẹ̀rí mìíràn láàárín. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ìbànújẹ́ gba 2.20 ní ọdún kìn-ín-ní, tí ó sì fẹ́ parí pẹ̀lú 3.50, tí iye iṣẹ́ ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba, ó gbọ́dọ̀ máa gba 3.93 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta tí ó kù. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹrù ni. Ẹni tí ó gba 3.50 láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní láti sáré bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ni iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwádìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, kí ó má kàn dúró lẹ́yìn ẹlẹgbẹ́ láti da èsì kọ. Ìwé ìwádìí ọdún tí ó kẹ́yìn, kí ó fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní ìgbà ìsinmi, kí ó lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé tí ó wà nítòsí, kí ó béèrè bóyá òun lè ṣèrànwọ́ nígbà abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé. Níbẹ̀ ni yóò ti mọ̀ bí a ti ń bá ìyá tí ẹ̀rù ń bà sọ̀rọ̀ ní Yorùbá tí ó yé e. Olùkọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò lè kọ lẹ́tà tí ó ní láárí fún un lọ́la.

Ohun kẹta ni ìwé ẹ̀rí. Kí orúkọ tí ó wà lórí ìwé ọjọ́ ìbí, ti ìdánwò girama àti ti yunifásítì bára mu. Kí ó tètè béèrè fún àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀, nítorí yunifásítì fúnra rẹ̀ ni yóò fi ránṣẹ́, èyí sì máa ń gba àkókò.

Ní ti àwọn òbí, kí wọ́n dẹ́kun àti máa fi ọmọ aládùúgbò wé ọmọ tiwọn. Ọmọ tí ń kọ́ Biochemistry ní Ọ̀yọ́ kò tí ì pàdánù ohunkóhun. Ohun tí yóò mú un pàdánù ni kí ilé máa sọ fún un lójoojúmọ́ pé iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́. Kí òbí bi í pé kí ni ó kọ́ lónìí, kí ó sì fi owó ìwé àti ti yàrá àyẹ̀wò ṣáájú owó aṣọ ẹgbẹ́. Àwọn ilé ìwòsàn Ogbómọ̀ṣọ́ àti ti Ọ̀yọ́ ń retí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀la, ọwọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní ọdún kìn-ín-ní lónìí ni iṣẹ́ náà yóò sì bọ́ sí.