Kànga àti Ihò Ìdọ̀tí Inú Ọgbà Kan Náà

Ọ̀rọ̀ tí a ní kí n sọ kò lóòórùn dídùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ní Ìjerò, ní Aramọkọ àti ní Ẹ̀fọ̀n Aláàyè, ilé ń pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ tí òkè àti àpáta ṣẹ́kù fún wa. Inú ọgbà kan náà ni a ń gbẹ́ kànga àti sókáwéè sí. Kí ni ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn?

Nínú táǹkì ìdọ̀tí, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń sọ nàítírójìn inú ìgbẹ́ di amóníà. Àwọn mìíràn ń lo sọ́féètì bí àwa ti ń lo afẹ́fẹ́. Láti ọwọ́ wọn ni òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ti ń wá. Gáàsì náà lè pa ẹni tó bá wọ inú ihò.

Bí omi ìdọ̀tí bá jáde sínú ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ wà, àwọn kòkòrò mìíràn a sọ amóníà di náítíréètì. Èyí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, omi a sì gbé e lọ sínú kànga. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi mímu kan. Ní 1945, Dókítà Hunter Comly ti Iowa ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé omi kànga bẹ́ẹ̀, tí a fi po wàrà, ń sọ ara ọmọ ọwọ́ di aláwọ̀ aró, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé afẹ́fẹ́ kiri bí ó ti yẹ. Sísè kò mú un kúrò. Bí omi ti ń fà ni ó ń le sí i.

Àwọn kòkòrò ibi àìsí afẹ́fẹ́ ni wọ́n tún ní oògùn rẹ̀. Bí náítíréètì bá dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n sì rí oúnjẹ, wọn a sọ ọ́ di nàítírójìn lásán, irú èyí tó jẹ́ ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ wa. Ní Nẹ́dálándì, a rí irú kan tí ń pa amóníà run láìsí oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ní 2002 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní Rotterdam. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ní Sípéènì ròyìn pé amóníà àti sọ́féètì jọ ń dínkù nínú ìkòkò kan tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀.

Ẹ̀rọ ńlá kọ́ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mítà 30 ni a máa ń dámọ̀ràn láàárín kànga àti ihò ìdọ̀tí. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 kò ju nǹkan bíi mítà 15 sí 30 lọ. Níbo ni ẹnì kan yóò ti rí àyè náà? Nítorí náà, kí àwọn aládùúgbò jọ gbẹ́ kànga kan ní apá òkè, jìnnà sí gbogbo sókáwéè. Kí ẹgbẹ́ yìí yẹ omi kànga ilé ẹ̀kọ́ wò kí ọdún tó yí. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé láti ìdálẹ̀ béèrè ibi tí kànga aládùúgbò wà, kí ẹ tó fọwọ́ sí àwòrán ilé.

Omi kò ní ọ̀tá; kí àwa má sọ ọ́ di ọ̀tá ọmọ wa.