Àrokò tí a Gbà Lọ́nà: RNA àti Àìsàn Ámílọ́ìdì Inú Ọkàn

Ohun tó ń dé bá iṣan ọkàn

Láàárín wákàtí 24, ọkàn ènìyàn máa ń lù tó ìgbà 100,000. Bó ṣe ń fún pọ̀ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde ni ó ń dẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ mìíràn lè wọlé, dídẹ̀ náà sì ṣe pàtàkì bíi fífún. Nínú àìsàn ámílọ́ìdì ọkàn, dídẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́. Òwú tín-ín-rín kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ á há sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn. Ògiri ọkàn á nípọn, á le gbagidi, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní ráyè kún inú rẹ̀. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ lè máa fún dáadáa lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, síbẹ̀ kí ohun tó ń tì jáde má tó nǹkan, torí ohun tó wọlé kò pọ̀.

Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, ló sọ nǹkan yìí lórúkọ ní 1854. Ó rí i pé bí áyódíìnì bá kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà bíi ti sítáàṣì, ó sì fún un lórúkọ tó túmọ̀ sí ohun tó jọ sítáàṣì. Ní 1859, ó ti hàn gbangba pé purotéènì ni, kì í ṣe sítáàṣì. Ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọn lára. Lónìí, bí a bá gé ẹ̀já iṣan ọkàn bíńtín, tí a fi aró tí wọ́n ń pè ní Congo red pa á láró, ibi tí ámílọ́ìdì wà á pọ́n. Bí a bá wá gbé e sábẹ́ awò amóhun-kékeré-tóbi, tí a tan ìmọ́lẹ̀ tí a ti ṣẹ́ sí ọ̀nà kan ṣoṣo sí i, ojú ibi tó pọ́n náà á di àwọ̀ ewé tútù. Àmì yẹn ni àwọn onímọ̀ fi ń dá ámílọ́ìdì mọ̀.

Transthyretin

Oríṣiríṣi purotéènì ló lè di ámílọ́ìdì. Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń ba ọkàn jẹ́ jù ni transthyretin. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ alárù ló sì ń ṣe: ó ń ru họ́mọ̀nù thyroxine tó ń wá láti inú ẹṣẹ́ ọrùn, ó sì ń bá purotéènì mìíràn ru fítámì A. Ẹyọ mẹ́rin tó bára mu ló so pọ̀ di odidi kan, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ní ámínò ásíìdì 127.

Yorùbá ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Mẹ́rin ni ti transthyretin, ọbẹ̀ rẹ̀ sì máa ń dànù nígbà tí ààrò bá tú ká. Ẹyọ tó bá já kúrò lára àwọn yòókù á ṣí kúrò ní ìṣẹ́po rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ irú ara rẹ̀ mìíràn, wọ́n á sì di òwú. Ọkàn, iṣan ìmọ̀lára, ọrùn ọwọ́ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni òwú náà sábà máa ń gúnlẹ̀ sí.

Ọ̀nà méjì ni èyí ń gbà ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn kan, pàápàá ọkùnrin tó ti dàgbà gan-an, jíìnì kò ní àbùkù rárá. Ọjọ́ orí ló tú ààrò náà ká. Nínú àwọn mìíràn, àṣìkọ wà nínú jíìnì láti ìgbà ìbí. Irú àṣìkọ bẹ́ẹ̀ tí a ti mọ̀ ti ju 100 lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló kan àwọn ènìyàn dúdú jù.

Lẹ́tà kan ṣoṣo

Lẹ́tà mẹ́rin ni a fi kọ DNA: A, C, G àti T. Mẹ́ta-mẹ́ta ni a ń kà wọ́n, mẹ́ta kọ̀ọ̀kan sì ń tọ́ka sí ámínò ásíìdì kan. Ní ibì kan nínú jíìnì transthyretin, GTC ló yẹ kó wà, èyí tó ń pe valine. Nínú àṣìkọ tí à ń wí yìí, A ló jókòó sí àyè G, GTC di ATC, isoleucine sì wá gba ipò valine ní ipò 122. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń pè é ní V122I. Àwọn mìíràn ń pè é ní V142I, torí pé wọ́n ka ámínò ásíìdì 20 tí sẹ́ẹ̀lì máa ń gé kúrò níwájú purotéènì náà mọ́ ọn. Nǹkan kan náà ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí.

Ní 1997, Daniel Jacobson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé 3.9 nínú 100 àwọn Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ló ní àṣìkọ yìí, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú 25. Ìwádìí tó jáde ní 2015 yẹ àwọn aláwọ̀ dúdú 3,856 wò ní Amẹ́ríkà, ó sì bá a lára 124. Nígbà tí wọ́n wá a ní Áfíríkà, àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn bíi Sierra Leone, Gánà àti Nàìjíríà ni wọ́n ti bá a jù. Inú ọkọ̀ òwò ẹrú ló bá dé Amẹ́ríkà àtàwọn erékùṣù Caribbean, ìran àwọn tó ti Caribbean lọ sí London sì gbé e dé ilé ìwòsàn ibẹ̀.

Níní àṣìkọ kò túmọ̀ sí pé ènìyàn á ṣàìsàn. Ìwádìí 2015 yẹn kò rí i pé àwọn tó ní i ń kú ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ohun tó rí ni pé àìlágbára ọkàn ń kọlù wọ́n jù. Ẹni tó bá máa ṣe kì í sábà mọ̀ kó tó lé ní 60 ọdún. Bí òbí kan bá ní ẹ̀dà kan nínú jíìnì náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí ní ìdajì àǹfààní láti jogún rẹ̀.

Àmì tó ń ṣáájú

Àìsàn yìí lè má bẹ̀rẹ̀ láti àyà. Ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kí ọkàn tó dá a sílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì aláìsàn lè ti máa kú lóru, kí ìka máa ta á bí abẹ́rẹ́, kó máa jí láàárín òru láti gbọn ọwọ́ nù. Òwú tó fún iṣan ìmọ̀lára pa ní ọrùn ọwọ́ ló ń fà á. Ẹ̀yìn lè máa dùn ún, kí ẹsẹ̀ máa wúwo bó bá rìn. Iṣan tó so ẹran apá mọ́ eegun lè já lójijì nígbà tó gbé ẹrù tí kò tó nǹkan, kí ẹran náà sì ká jọ sókè bíi bọ́ọ̀lù.

Lẹ́yìn náà ni èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹni tó ń gun àkàsọ̀ láìro tẹ́lẹ̀ á máa mí gúlegúle ní àárín rẹ̀. Ẹsẹ̀ á wú, bàtà kò ní wọ̀ mọ́, kò sì ní lè sùn láìjẹ́ pé ó fi ìrọ̀rí méjì-mẹ́ta gbé orí sókè. Ará ilé á ní àgbà ló dé. Dókítà tó bá rí ògiri ọkàn tó nípọn lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, torí ẹ̀jẹ̀ ríru náà máa ń mú ògiri ọkàn nípọn, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn dúdú.

Ohun méjì lè tú àṣírí náà. Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú nípọn sábà máa ń yọ ìlà gíga-gíga lórí ẹ̀rọ ECG tó ń wọn iná inú ọkàn, torí iṣan gidi ló pọ̀ sí i. Ti ámílọ́ìdì lè yọ ìlà kúkúrú, torí òwú tí kò gbé iná ló mú un nípọn. Èkejì ni pé ẹ̀jẹ̀ tó ti ń ru tẹ́lẹ̀ lè fúnra rẹ̀ wálẹ̀, kí oògùn tí aláìsàn ti ń lò fún ọdún pípẹ́ wá máa fi òòyì kọ́ ọ.

Bí a bá ti fura, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò láti rí i pé kì í ṣe irú ámílọ́ìdì tó ń ti inú mùdùnmúdùn eegun wá, nítorí ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀, kò sì gba ìdúró. Lẹ́yìn náà ni a ó ya àwòrán pẹ̀lú èròjà tẹkinísíọ̀mù tí wọ́n ń lò láti yẹ eegun wò. Lára ẹni tí kò ní àìsàn yìí, eegun ni èròjà náà ń lọ. Bí transthyretin bá ti kún inú ọkàn, ọkàn ni yóò máa tàn yanran nínú àwòrán. Ìwádìí tí Julian Gillmore àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé bí àyẹ̀wò méjèèjì bá bára mu, kò pọn dandan kí a gé iṣan ọkàn mọ́. Àyẹ̀wò jíìnì ló kù láti mọ̀ bóyá a jogún rẹ̀ ni.

Dídi ààrò mú

Ọ̀nà ìtọ́jú kan ni pé kí a má jẹ́ kí ẹyọ mẹ́rin náà tú ká. Oògùn tafamidis máa ń wọ ihò tí thyroxine ń jókòó sí lára purotéènì náà, á sì dì í mú. Àbájáde ìdánwò tí wọ́n ṣe lára ènìyàn 441 jáde ní 2018. Láàárín oṣù 30, 29.5 nínú 100 àwọn tó lo oògùn náà ló kú. Láàárín àwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfìfo, 42.9 ni.

Gbígba àrokò lọ́nà

Ọ̀nà kejì kò dúró de purotéènì rárá. Inú ààfin sẹ́ẹ̀lì ni DNA ń gbé bí ọba tí kì í jáde. Bó bá fẹ́ kí wọ́n ṣe purotéènì, á di àrokò lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Àrokò náà ni RNA ajíṣẹ́, ẹ̀dà tó jáde láti inú jíìnì, tí àwọn oníṣẹ́ ìta ààfin á tú, tí wọ́n á sì tẹ̀ lé lẹ́tà-lẹ́tà. Bí ẹnì kan bá gba àrokò yìí lọ́nà tó sì fà á ya, ọba ṣì wà lórí ìtẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó rán kò ní dé.

Ní 1998, Andrew Fire àti Craig Mello fi hàn lára aràn kékeré kan tó ń jẹ́ C. elegans pé bí RNA onífọ́nrán méjì bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, yóò pa jíìnì tó bá bá lẹ́tà rẹ̀ mu lẹ́nu mọ́. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2006. Ní 2001, ikọ̀ Thomas Tuschl ní Jámánì fi hàn pé RNA onífọ́nrán méjì tí gígùn rẹ̀ kò ju lẹ́tà 21 lọ lè ṣe iṣẹ́ kan náà nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Purotéènì kan tó ń jẹ́ Argonaute á ju fọ́nrán kan nù, á mú èkejì dání gẹ́gẹ́ bí àpèjúwe ẹni tí wọ́n ń wá, á sì máa fi í yẹ àwọn RNA ajíṣẹ́ wò. Èyí tí lẹ́tà rẹ̀ bá bá a mu, á gé e sí méjì.

Patisiran ni oògùn àkọ́kọ́ irú èyí tí a fọwọ́ sí, ní 2018, fún transthyretin tó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Ọ̀rá ni a fi wé e, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni a sì ń fà á sí, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Vutrisiran tó tẹ̀ lé e kò nílò ọ̀rá. Ṣúgà kan tó ń jẹ́ GalNAc ni a so mọ́ ọn nídìí. Ojú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní ìkọ́ tó ń mú ṣúgà yẹn, nítorí náà abẹ́rẹ́ kan lábẹ́ awọ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ti tó. Àbájáde ìdánwò HELIOS-B, tí ènìyàn 655 wà nínú rẹ̀, jáde ní 2024. Ó fi hàn pé oògùn náà fi 28 nínú 100 dín ewu ikú àti ìṣòro ọkàn òun iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń padà wá kù. Ní oṣù kẹta 2025, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àìsàn ọkàn yìí.

Àwọn mìíràn ti ń lọ bá ọba fúnra rẹ̀. Ní 2021, ìwádìí kan lára ènìyàn mẹ́fà fi hàn pé a lè fi irinṣẹ́ tó ń jẹ́ CRISPR gé jíìnì náà nínú ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ìwọ̀n transthyretin sì lọ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ pàtàkì wà níbẹ̀: àrokò tí a gbà lọ́nà, ọba lè rán òmíràn bí oògùn bá tán lára, jíìnì tí a gé kò ní àtúnṣe mọ́.

Ibi tí agbára oògùn mọ

Oògùn RNA kò mọ àṣìkọ yàtọ̀ sí ojúlówó. Gbogbo transthyretin tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe ló ń dín kù. Ìyẹn náà ló jẹ́ kó wúlò fún àwọn arúgbó tí jíìnì wọn kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n fítámì A inú ẹ̀jẹ̀ á dín kù pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń lò ó ní láti máa lo fítámì A ní ìwọ̀n tó yẹ.

Bákan náà, dídá ìpèsè dúró kì í ṣe gbígbá ilé mọ́. Òwú tó ti há sínú iṣan ọkàn tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àǹfààní oògùn fi máa ń pọ̀ jù fún ẹni tí a tètè dá àìsàn rẹ̀ mọ̀. Owó náà tún jẹ́ ìṣòro: nígbà tí tafamidis jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019, iye tí wọ́n dá lé e jẹ́ dọ́là 225,000 fún ọdún kan.

Síbẹ̀, ìdámọ̀ kò dúró de oògùn. Àwọn ìbéèrè tó lè ṣí i payá kò gba owó: ṣé ọwọ́ méjèèjì máa ń kú lóru? Ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń fa òòyì? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé ti kú pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú àti èémí jíjá lẹ́yìn 60 ọdún? Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí ògiri ọkàn rẹ̀ nípọn, tí ìlà ECG rẹ̀ sì kúrú, ti ju ẹni tí a ó kàn kọ ẹ̀jẹ̀ ríru sínú fáìlì rẹ̀ lọ. Dókítà rẹ̀ á lè yọ oògùn tó ń ṣe é ní ibi kúrò, á fún un ní èyí tó ń fa omi kúrò lára, á sì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ lára ara wọn bí wọ́n bá ń dàgbà.