Ẹ Kọ́ Ọmọṣẹ́ Níṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tí Ń Kọ́ Iṣẹ́ Adójútòfò

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)

Ẹgbẹ́ ní kí a bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìkọ́ṣẹ́ nínú iṣẹ́ adójútòfò, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí ínṣọ́ránsì. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí ń kọ́ṣẹ́, ó kan ẹni tí ń kọ́ni, ó sì kan oúnjẹ òòjọ́ gbogbo wa.

Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì nílẹ̀ wa mọ ọjọ́ tí òun wọṣẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n ṣàdéhùn iye ọdún, wọ́n sì mọ ìgbà tí yóò gba fíríídọ̀mù. Nínú iṣẹ́ tiwa, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ ni wọ́n tàbí ọmọṣẹ́. Wọ́n gbé báàgì lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sọ iye owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ pa wọlé lóṣooṣù, wọ́n ní kí wọ́n máa káàkiri ìgboro lọ wá oníbàárà. Bí owó náà kò bá pé, owó ọkọ̀ pàápàá kò sí. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹlòmíràn kò tíì mọ bí a ti ń san owó òfò fún ẹni tí ilé rẹ̀ jó. A rán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ ni, a kò kọ́ ọ níṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó wà láti kọ́ pọ̀. Àkọ́kọ́ ni òtítọ́. Ẹni tí ó fẹ́ gba ìwé adójútòfò gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ohun pàtàkì tí ó mọ̀ nípa ohun ìní rẹ̀. Bí ó bá ń tọ́jú epo bẹntiróòlù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aṣọ, tí ó sì fi í pamọ́, ilé iṣẹ́ lè kọ̀ láti sanwó nígbà tí iná bá ṣẹ́ yọ. Ọmọṣẹ́ tí a kò kọ́ yóò kàn ní kí oníbàárà fọwọ́ síwèé, yóò bá a kọ ìyókù, kò sì ní mọ̀ pé ẹjọ́ ọ̀la ni òun ń kọ sílẹ̀.

Èkejì ni iye tí a kọ sínú ìwé. Ká sọ pé ọjà ₦10,000,000 wà nínú ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan. Ó fẹ́ dín owó tí yóò san kù, ó ní kí a kọ ₦5,000,000. Iná wá jó ọjà ₦4,000,000. Obìnrin náà yóò rò pé ₦4,000,000 ni òun yóò gbà. Ṣùgbọ́n ìdajì ọjà rẹ̀ ni ó fi sábẹ́ ìwé, nítorí náà ìdajì òfò rẹ̀, ₦2,000,000, ni wọn yóò san, bí ìwé iná ti sábà máa ń wí. Nígbà tí iná jó ní ọjà Balógun l'Ékòó ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, gbogbo ìlú rí bí òógùn ọdún púpọ̀ ti ń di eérú. Ọjọ́ tí a ń kọ ìwé ni ó yẹ kí ọmọṣẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ọjọ́ ẹkún.

Ẹ̀kẹta ni owó. Òfin ọdún 2003 ti fi í múlẹ̀ pé bí owó kò bá tíì wọlé, ìwé kò tíì ṣiṣẹ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2013 ni àjọ NAICOM sì ti fi ọwọ́ líle mú un. Ọmọṣẹ́ tí ó gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tí ó fi í sápò di ọjọ́ Ajé, ti fi awakọ̀ náà sínú ewu. Ìwé mọ́tò tí òfin sọ di dandan, ₦5,000 ni ọkọ̀ aládàáni ń san tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ó di ₦15,000. Ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ nígboro. Ọmọṣẹ́ gidi gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ wò nínú àkọsílẹ̀ NIID.

Ẹ̀yin àgbà òṣìṣẹ́, a mọ ohun tí ẹ ń sọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ ní bí ẹ bá kọ́ ọmọ tí owó rẹ̀ kéré ní gbogbo iṣẹ́, wọn yóò lé yín, wọn yóò fi ọmọ náà rọ́pò yín. Ẹ̀rù yín nídìí. Ní ọdún 2005 ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò fi kún owó ìdókòwò wọn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2007, èyí tí ó ju 100 lọ ti di 49. Òfin tuntun ti ọdún 2025 tún béèrè ₦10 bílíọ̀nù lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ti ẹ̀mí, àti ₦15 bílíọ̀nù lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ti ohun ìní. Bí ilé iṣẹ́ méjì bá di ọ̀kan, àga òṣìṣẹ́ a máa dín kù.

Ṣùgbọ́n fífi iṣẹ́ pamọ́ kò lè gbà wá. Ohun tí ó mú kí ọmọ náà dà bí ewu ni pé owó rẹ̀ kéré, kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́. Bí ó bá ní ìwé, tí owó rẹ̀ sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, èrè wo ni ó kù fún ọ̀gá láti fi í rọ́pò wa? Àwọn baba wa sì wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

A kò tọrọ ojúrere. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 sọ pé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn iṣẹ́ fọwọ́ sí i, kí ó má sì ju ọdún 5 lọ. Òfin kan náà ní òṣìṣẹ́ tí a gbà gbọ́dọ̀ rí ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ gbà láàárín oṣù 3. Owó ẹ̀kọ́ náà wà: láti ọdún 1971 ni àjọ ITF ti wà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ ni agbanisíṣẹ́ ń san fún un lọ́dún, ó sì lè gbà tó ìdajì rẹ̀ padà bí ó bá kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ níṣẹ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a fẹ́ kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí, kí a lè gbé e lọ bá àwọn alákòóso:

1. Kí gbogbo ọmọṣẹ́ gba ìwé àdéhùn, pẹ̀lú iye owó àti iye oṣù tí yóò fi kọ́ṣẹ́.

2. Kí ó jókòó ní ẹ̀ka ìwé kíkọ, ẹ̀ka owó òfò àti ẹ̀ka ìṣirò owó kí wọ́n tó rán an lọ sí ìgboro.

3. Kí àgbà òṣìṣẹ́ kan jẹ́ olùkọ́ rẹ̀, kí a sì ka ẹ̀kọ́ tí àgbà náà ń kọ́ ọ sí iṣẹ́.

4. Kí ilé iṣẹ́ san owó ìdánwò CIIN, kí ó sì fún un ní àyè láti kàwé. Àwa tí a parí ìwé wa nílé ẹ̀kọ́ alẹ́ mọ bí ojú ti ń wúwo lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà. Ẹ má ná owó oníbàárà. Ẹ máa béèrè ohun tí kò bá yé yín, bí wọ́n bá sì kọ̀ láti dá yín lóhùn, ẹ wá bá aṣojú yín.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.