T. K. E. Phillips àti Ohùn Orin Ìjọ Wa

Èmi kò ní sọ ti àwọn tí ó mọ ògiri ìjọ yìí, nítorí a ti kọ orúkọ wọn sára òkúta. Ti ẹni tí ó tún ohùn wa ṣe ni n ó sọ.

Ní 1884 ni a bí Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips tí ó ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Oǹdó. Ní 1911 ó re Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Trinity College of Music. Ní 1914 ó di atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ní Kàtídírà ti Kristi, ní Marina, Èkó. Kò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí di 1962.

Kí ni ìṣòro tí ó bá? Ohùn Òyìnbó ni a fi ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Lálúpọn àti Akínyẹlé, ẹ mọ ọkọ́ tí ẹ fi ń roko. Bí orin bá fa ìparí rẹ̀ wálẹ̀, ó di ọkọ̀ tí ń kó kòkó lọ sí Ìbàdàn. Bí ó bá fi í sí àárín, ó di ọkọ ìyàwó! Ní èwe mi, ìyá àgbà kan bi mí lẹ́yìn ìsìn pé, kí ni a ń wí gan-an? Èmi tí mo mọ orin náà lórí kò rí èsì fún un. Bí ohùn bá sì tilẹ̀ bá ẹsẹ kìn-ín-ní mu, ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì yàtọ̀, ohùn kan náà ni a ó sì fi kọ ọ́.

Àwọn kan gbà pé orin ilẹ̀ wa jẹ́ ti abọ̀rìṣà. Phillips kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi etí sí orin àwọn baba wa, ó rí i pé ohùn márùn-ún ni ó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ṣe orin àti ìdáhùn ìsìn tí ó ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ gòkè, tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ní 1953 a tẹ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde. Fela Ṣówándé àti Ayọ̀ Bánkọ́lé, àwọn olórin ńlá, ti jẹ́ ọmọ akọrin lábẹ́ rẹ̀. Ó sùn nínú Olúwa ní 1969.

Mo bẹ ọ̀gá akọrin wa pé kí a fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe ìsìn ọpẹ́ ọ̀la. Ó ní àwọn ọmọ kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.