Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ni Afárá: Ètò Afárá Ẹlẹ́sẹ̀ àti Oníkẹ̀kẹ́ Lórí Òpópónà Márosẹ̀

Afárá ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ni afárá tí a kọ́ gba orí òpópónà kọjá fún àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn àti àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere, tí ọkọ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ gbà. Nígbà tí ìjọba tàbí àwọn ará ìlú bá ń jíròrò lórí irú afárá bẹ́ẹ̀, apá tí ó ré kọjá lókè àwọn ọkọ̀ ni ó sábà máa ń gba ọkàn wọn: bí yóò ti gùn tó, bóyá irin ni wọn yóò fi ṣe é tàbí kọnkéré, àti bí yóò ti rí lójú àlejò tí ó bá ń wọ ìlú. Èrò tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dúró lé ni pé apá òkè yẹn gan-an ni ó rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà, àti pé ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ tí ó wà ní ìhà méjèèjì ni ó ń pinnu bóyá àwọn ènìyàn yóò lo afárá tàbí wọn yóò fi í sílẹ̀ fún ẹyẹ.

Ìṣirò tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò le. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ni pé kí àyè tí ó wà láàárín ojú títì àti ìsàlẹ̀ afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó nǹkan bí mítà 5.2, èyí tí ó fi díẹ̀ ju ti afárá ọkọ̀ lọ, nítorí pé afárá ẹlẹ́sẹ̀ fúyẹ́, bí tírélà tí ẹrù rẹ̀ ga bá sì kọlù ú, ìpalára rẹ̀ yóò pọ̀ ju ti afárá ńlá lọ. Bí a bá wá fi nínípọn pèpéle, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lórí afárá, kún un, gíga tí ẹni tí ó fẹ́ kọjá ní láti gùn yóò tó mítà 6. Àtẹ̀gùn lè gbé e débẹ̀ láàárín àyè kékeré, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn náà yóò tó bí 40 ní ìgòkè, yóò sì tún tó bẹ́ẹ̀ ní ìsọ̀kalẹ̀, kò sì sí oníkẹ̀kẹ́, alábàárù, arúgbó tí orúnkún ń dùn, tàbí akanda ẹ̀dá tí ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ tí irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ wúlò fún.

Ohun tí ó lè rọ́pò àtẹ̀gùn ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìyẹn ojú ọ̀nà tí ó ń ga díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé orí pèpéle. Ìlànà tí ó bá òfin ẹ̀tọ́ àwọn akanda ẹ̀dá mu ní Amẹ́ríkà kò gbà kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ le ju kí ó fi mítà 1 ga nínú ìrìn mítà 12 lọ, ó sì béèrè fún ibi ìsinmi tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn gbogbo ìgòkè tí ó bá tó sẹ̀ǹtímítà 76. Fún oníkẹ̀kẹ́, gíga mítà 1 nínú mítà 20 ni ó dẹrùn. Ní ìwọ̀n àkọ́kọ́, gíga mítà 6 yóò gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mítà 72 láìka àwọn ibi ìsinmi; ní ìwọ̀n kejì, yóò gba mítà 120, ìhà kan ṣoṣo sì nìyẹn. Bí títì bá fẹ̀ ní mítà 40, ẹni tí ìbá rin mítà 40 láti sọdá yóò wá rin mítà 280.

Ẹlẹ́sẹ̀ mọ ìṣirò yìí dunjú, kódà bí kò bá wo ìwé rí. Ní ọdún 1965, Moore àti Older, àwọn olùwádìí ọ̀rọ̀ ojú pópó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àkókò tí ènìyàn ń lò láti gba orí afárá wé àkókò tí yóò lò láti sọdá ní ilẹ̀. Wọ́n rí i pé bí àkókò méjèèjì bá dọ́gba, nǹkan bí ènìyàn 95 nínú 100 ni yóò gba orí afárá, ṣùgbọ́n bí ti orí afárá bá fi ìdajì gùn ju ti ilẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí yóò gbà á. Àbájáde yìí ni ó yẹ kí gbogbo ọ́fíìsì tí ń ṣètò afárá lẹ̀ mọ́ ara ògiri, nítorí pé ó sọ ọ̀rọ̀ tí a máa ń kà sí ọ̀rọ̀ ìwà di ọ̀rọ̀ àkókò. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń sá kọjá lábẹ́ afárá tí owó ńlá ti wọlé sí, iye ìṣẹ́jú tí afárá náà ń gbà lọ́wọ́ wọn ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí a tó pè wọ́n ní aláìgbọràn.

Báwo ni a ṣe lè kọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn tí kò ní jẹ́ ìyà fún ẹni tí ń gùn ún? Ìlú Minneapolis ní ìpínlẹ̀ Minnesota fi ọ̀nà kan hàn. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Midtown Greenway, ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 9, ipa ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Ọ̀nà yìí pàdé Hiawatha Avenue, títì gbòòrò tí ọkọ̀ kì í dá lórí rẹ̀, tí ojú irin reluwé ìgboro sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007 ni wọ́n ṣí afárá tí wọ́n fi orúkọ Martin Olav Sabo sọ, aṣojú-ṣòfin tí ó ṣojú agbègbè náà ní Washington láti ọdún 1979 títí di 2007. Apá tí okùn irin gbé ró lókè títì gùn ní mítà 67, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ náà láti orí dé ìdí gùn tó nǹkan bí mítà 670. Èyí ni pé nínú ìdá mẹ́wàá afárá náà, ìdá mẹ́sàn-án kò sí ní apá tí gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò rẹ̀. Síbẹ̀, gígùn yìí kò di ìyípo fún oníkẹ̀kẹ́, nítorí pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kọjú sí ibi tí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀; bí ó ti ń gòkè ni ó ń sún mọ́ ilé. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ká jọ sí ẹ̀bá títì kò kéré, nítorí pé ẹni tí ó gba èyí tí a ká jọ yóò rin ọgọ́fà mítà kí ó tó padà sí ibi tí ó ti gbéra, yóò kàn ga sí i ni.

Ìlú Eindhoven ní Netherlands gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ní ibi tí ìlú náà ti bá Veldhoven àti Meerhoven pàdé, oríta kan wà tí ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀ gan-an, àwọn ayàwòrán ilé-iṣẹ́ ipv Delft sì ya afárá kan tí ó rí róbótó fún un, tí wọ́n pè ní Hovenring. Ìbú òrùka náà láti etí dé etí jẹ́ mítà 72, okùn irin 24 ni ó so ó rọ̀ mọ́ òpó kan ṣoṣo tí ó ga ní mítà 70, oníkẹ̀kẹ́ tí ó bá dé orí rẹ̀ sì lè yà sí ìhà tí ó bá wù ú láìdúró de ọkọ̀ kankan. Ẹwà rẹ̀ ni ó ń gba ìyìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó gbọ́n jù níbẹ̀ wà ní ilẹ̀: wọ́n wa ilẹ̀ oríta náà sílẹ̀ ní nǹkan bí mítà 1.5, kí àwọn ọkọ̀ lè gba ìsàlẹ̀, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ má bàa le ju nǹkan bí mítà 3 nínú 100 lọ. Níhìn-ín, ọkọ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀ kó sì tún gòkè, wọ́n fi agbára ẹsẹ̀ ènìyàn sílẹ̀ kó sinmi. Ìdájọ́ tí ó tọ́ ni.

Àwọn afárá méjèèjì yìí tún jìyà ohun kan náà ní nǹkan bí àkókò kan náà, èyí sì yẹ fún àkíyèsí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fẹ́ afárá olókùn nítorí ẹwà nìkan. Okùn irin tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì gùn a máa gbọ̀n bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lù ú láìdáwọ́ dúró, bí ó sì ti ń gbọ̀n ni ó ń tẹ irin tí ó dì í mú síwá sẹ́yìn. Bí títẹ̀ kékeré yìí bá wáyé ní àìmọye ìgbà, irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ohun tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní àárẹ̀ irin sì nìyẹn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2012, àwo irin kan tí ó so okùn mọ́ òpó ní afárá Sabo já, okùn méjì sì ṣubú. Kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti títì, wọ́n dá ọkọ̀ ojú irin dúró, títí wọ́n fi rí nǹkan gbé afárá náà ró. Ní Eindhoven, gbígbọ̀n okùn ni wọ́n kọ́kọ́ rí, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí ń pa ìgbọ̀nrìrì sára okùn kí wọ́n tó ṣí afárá náà ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2012.

Jàǹbá tí ó burú ju èyí lọ ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀bá Miami, ní ìpínlẹ̀ Florida. Yunifásítì ìjọba kan, Florida International University, ń kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ sórí títì tí ó ní ojú ọ̀nà mẹ́jọ fún ọkọ̀. Kí títì má bàa pẹ́ ní títì pa, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti kọ́ apá tí ó ṣe pàtàkì jù, tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 950, wọ́n sì fi ẹ̀rọ gbé e sí àyè rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2018. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, ó wó lu àwọn ọkọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀, ènìyàn 6 sì kú. NTSB, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ń wádìí jàǹbá ìrìnnà, rí i pé àṣìṣe wà nínú ìṣirò ẹrù tí ojúkò kan nínú afárá náà yóò gbé àti agbára tí ojúkò náà ní. Ohun tí ó dunni jù nínú ìròyìn náà ni pé kọnkéré náà ti ń sán, àwọn tí iṣẹ́ wà ní ìkáwọ́ wọn rí i, wọ́n tilẹ̀ ṣe ìpàdé lórí rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó wó, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó pàṣẹ pé kí wọ́n ti títì. Nítorí náà, ètò afárá lórí títì tí ọkọ̀ pọ̀ sí gbọ́dọ̀ dárúkọ, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó ní àṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró ní wákàtí tí ohunkóhun bá ń dẹ́rù bani, kí ẹni náà má sì ṣe jẹ́ ẹni tí ìdádúró iṣẹ́ yóò ná ní owó.

Àwọn ìwọ̀n yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ bá ti jọ ń lo pèpéle kan, ó yẹ kí ó fẹ̀ ju mítà 4 lọ díẹ̀. Ìlànà Amẹ́ríkà ní kí pèpéle lè gba ẹrù èrò tí ó tó nǹkan bí kìlógíráàmù 440 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ìyẹn èrò tí ó fún pọ̀ bí ọjọ́ ọdún. Iná gbọ́dọ̀ wà, ojú sì gbọ́dọ̀ lè ríran láti orí afárá sí títì àti láti títì sí orí afárá. Pátákó ìpolówó tí a fi bo ẹ̀gbẹ́ afárá lè mú owó wọlé, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọlọ́ṣà ni ó ń ṣe láǹfààní. Ní ti àwọn tí ń pàtẹ sórí afárá, ibi tí èrò bá wà ni ọjà ń wà, ètò tí kò bá sì fi àyè ìpàtẹ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ afárá ti pinnu pé orí afárá ni ọjà yóò wà.

Ní ìlú Èkó, ọ̀pọ̀ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni ó wà lórí àwọn òpópónà márosẹ̀, irú èyí tí ìjọba ṣí ní Ojódù Berger ní ọdún 2017. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà ìrìnnà aláìlẹ́ńjìnnì jáde ní ọdún 2018, èyí tí ó ka ẹsẹ̀ rírìn àti kẹ̀kẹ́ gígùn sí ara ètò ìrìnnà. Síbẹ̀ ní ọdún 2024, ohun tí etí ará ìlú gbọ́ jù ni ìkìlọ̀ pé wọn yóò mú ẹni tí ó bá sọdá títì níbi tí afárá wà. Ìkìlọ̀ náà ní ìdí tirẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó máa sáré kọjá níwájú ọkọ̀ tí ń sáré ní kìlómítà 100 ní wákàtí. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀. Lórí òpópónà márosẹ̀ gidi, afárá kò ṣeé má ní. Lórí títì àárín ìgboro, níbi tí ilé, ilé ìwé àti ọjà dojú kọ ara wọn, ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ ni kí a dín eré ọkọ̀ kù, kí a fi iná àti ilà ìsọdá síbẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ tí ó dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú kò pàdánù ohun tí ó tó ti ìyá arúgbó tí a ní kó gun ogójì àtẹ̀gùn.

Òfin pẹ̀lú ti sọ tirẹ̀. Òfin tí ó lòdì sí fífi ìyà jẹ àwọn akanda ẹ̀dá, tí Muhammadu Buhari, Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, buwọ́ lù ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, ní kí ẹ̀gbẹ́ títì àti ibi ìsọdá ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ àti ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran lè lò, ó sì fi ọdún 5 sílẹ̀ kí a fi tún àwọn ilé àti ohun tí ó wà fún ìlò gbogbo ènìyàn ṣe. Ọdún 5 náà pé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Nítorí náà, kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó títì ní Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ fi teepu ìwọ̀n gba orí afárá kọ̀ọ̀kan kọjá, kí wọ́n ka àtẹ̀gùn rẹ̀, kí wọ́n ka ìṣẹ́jú tí ó ń gbà, kí wọ́n sì tún èyí tí akanda ẹ̀dá àti oníkẹ̀kẹ́ kò lè gùn kọ́. Níbi tí wọn kò bá tíì ṣe èyí, kí wọ́n má ṣe mú ẹnikẹ́ni.